Àlímọ̀tù Pẹlẹwúrà, Ìyá Ẹlẹ́ja Tó Dúró Fún Ọjà

 

Nínú ìwé àyájọ́ bí èyí, ó dára ká máa rántí àwọn tó ti la ọ̀nà kí àwa tó dé. Ẹni tí a mú wá fún yín lọ́tẹ̀ yìí kì í ṣe àlejò sí ẹni tó bá mọ ìtàn Èkó. Àlímọ̀tù Pẹlẹwúrà ni, ìyá ẹlẹ́ja, olórí ọjà Èrékò, alága Ẹgbẹ́ Àwọn Obìnrin Ọlọ́jà Èkó. Ó ti lé ní àádọ́rin ọdún tó ti papò dà. Ṣùgbọ́n ẹjọ́ tó bá ìjọba Gẹ̀ẹ́sì rò nígbà náà, a ṣì ń rò ó dòní: ọjà ń gbówó lórí, owó ọkọ̀ ń lọ sókè, ìwé àṣẹ ń gorí ìwé àṣẹ, ìjọba sì ń sọ pé ìrànwọ́ lòun ń ṣe. Ẹ fara balẹ̀ kà á, ọ̀rọ̀ wa ló wà níbẹ̀.

ỌMỌ ÌDÍ ÀTẸ

Èkó ni wọ́n bí Pẹlẹwúrà sí, lẹ́yìn tí ìjọba Gẹ̀ẹ́sì ti gba ìlú náà ní 1861. Ìyá rẹ̀ ń ta ẹja, ìdí àtẹ ìyá rẹ̀ ló sì ti kọ́ òwò. Mùsùlùmí ni. Kò rí ilé ìwé lọ, kò mọ̀ọ́kọ, kò mọ̀ọ́kà.

Ṣùgbọ́n kí ẹnikẹ́ni má rò pé ẹni tí kò kàwé kò mọ ìṣirò o. Ẹja kì í dúró de ènìyàn. Bí apẹja bá ti gúnlẹ̀, ẹlẹ́ja gbọ́dọ̀ mọ iye tí yóò ra ẹja, iye tí igi ìyanja yóò ná an, iye tó lè bàjẹ́ mọ́ ọn lọ́wọ́, àti iye tí yóò gbà lọ́wọ́ oníbàárà kí ilẹ̀ tó ṣú. Ẹni tó bá ṣì í ṣírò, gbèsè ló máa gbé relé. Ibẹ̀ ni Pẹlẹwúrà ti kọ́ ìṣirò tirẹ̀, ìṣirò yìí náà ló sì fi bá àwọn òyìnbó jà nígbà tó yá.

Ẹ̀yin náà mọ bí ọjà ṣe rí. Ìsọ̀ kọ̀ọ̀kan ló ní olórí tirẹ̀: ẹlẹ́ja ní, aláta ní, aláṣọ ní, onígàrí náà ní. Àwọn olórí yìí ni wọ́n ń parí ìjà, tí wọ́n ń rí sí i pé ẹnì kan kò fi òṣùwọ̀n èké ba ìsọ̀ jẹ́, tí wọ́n sì ń gba owó ẹgbẹ́ tí wọ́n fi ń sin òkú, tí wọ́n fi ń ran ẹni tí ọjà rẹ̀ bá jóná lọ́wọ́. Nígbà tí ọ̀rúndún ogún fi bẹ̀rẹ̀, wọ́n ti mọ Pẹlẹwúrà bí ẹni mowó láàárín àwọn olórí ọjà. Àwọn ará Èrékò, ní erékùṣù Èkó, fi í ṣe alága wọn.

Ní nǹkan bí ọdún 1920 sí 1929 ni gbogbo àwọn ẹgbẹ́ ọjà yìí wá ní ẹgbẹ́ kan ṣoṣo tó kó wọn pọ̀. Herbert Macaulay, ọmọ-ọmọ Bíṣọ́ọ̀bù Àjàyí Crowther, wà lẹ́yìn wọn gbágbágbá. Òun ló dá ẹgbẹ́ òṣèlú NNDP sílẹ̀ ní 1923. Ọwọ́ ọmọdé kò tó pẹpẹ, ti àgbàlagbà kò wọ kèrègbè: Macaulay ní kálàmù, ó sì gbọ́ òfin, àwọn ìyá ní èrò, wọ́n ní owó, wọ́n sì ní ọjà tí wọ́n lè tì pa. Kálukú ló wúlò fún ẹnìkejì.

Ohun kan wà tó yẹ ká fi sọ́kàn níbí yìí. Ẹgbẹ́ náà ń dáwó, wọ́n sì ń fi nínú owó yẹn san owó fún akọ̀wé tó ń bá wọn kọ lẹ́tà sí ìjọba. Akọ̀wé á kọ ọ́, á kà á sí wọn létí, wọ́n á wá tẹ àtàǹpàkò. Nítorí náà, nígbà tí wọ́n bá ní ẹjọ́, kì í ṣe ariwo nìkan ni òyìnbó ń gbọ́, ìwé ni wọ́n ń gbé síwájú rẹ̀.

WỌ́N FẸ́ KÓ ỌJÀ ÈRÉKÒ

Ní àárín ọdún 1930 sí 1939, ìjọba ní kí ọjà Èrékò kó kúrò níbi tó wà, kí ó lọ sí Olúwọlé. Lójú ẹni tó jókòó sí ọ́fíìsì, ọ̀rọ̀ kékeré ni. Àbí ṣebí ilẹ̀ náà ni ilẹ̀ ń jẹ́? Ṣùgbọ́n ẹ̀yin tí ẹ ń gbọ́ yìí mọ̀ pé oníbàárà kì í tẹ̀lé ọjà tó bá ṣí lọ bẹ́ẹ̀ bẹ́ẹ̀. Ojú àtẹ tí ènìyàn ti jókòó fún ogún ọdún, dúkìá ni. Ìyàwó ilé tó mọ ibi tí ó ti ń ra ẹja kò ní máa wá ọ kiri gbogbo ìlú.

Pẹlẹwúrà àtàwọn ìyá ọjà kọ̀ jálẹ̀. Ọlọ́pàá dé, wọ́n sì kó Pẹlẹwúrà àtàwọn mìíràn lọ sí àtìmọ́lé. Àwọn obìnrin Èkó kò lọ sílé lọ sunkún o. Wọ́n tú jáde títí ìjọba fi dá àwọn ìyá sílẹ̀, ọjà Èrékò sì dúró síbi tó wà.

OWÓ ORÍ OBÌNRIN

Ní 1932, ìròyìn kan gba ìlú Èkó pé ìjọba fẹ́ máa gba owó orí lọ́wọ́ obìnrin. Àwọn ìyá kò dúró kí òjò tó rọ̀ kí wọ́n tó wá ewé. Wọ́n lọ bá àwọn aláṣẹ, wọ́n béèrè lójúkojú, àwọn aláṣẹ sì fi dá wọn lójú pé kò sí ohun tó jọ ọ́. Láàárín ìgbà yẹn náà ni Pẹlẹwúrà bọ́ sínú Ìgbìmọ̀ Ìlú tó ń gba Ọba Èkó nímọ̀ràn, kí ohùn ọjà lè máa dé ibi tí àwọn ìjòyè ti ń jókòó.

Ọdún mẹ́jọ lẹ́yìn náà, ohun tí wọ́n ní kò sí wá di òfin. Ìwé òfin owó orí ti 1940 sọ pé obìnrin Èkó tí owó tó ń wọlé fún un lọ́dún bá ti ju £50 lọ gbọ́dọ̀ san owó orí. Ẹ jẹ́ ká bá wọn ṣírò rẹ̀. £50 lọ́dún kò tó pọ́ùn kan lọ́sẹ̀. Ọ̀dọ̀ obìnrin tó ń tajà, owó tó bá gba ọwọ́ rẹ̀ kọjá lọ́sẹ̀ lè pọ̀, ṣùgbọ́n ti olówó ọjà wà níbẹ̀, ti alárùú wà níbẹ̀, ti ọlọ́kọ̀ wà níbẹ̀. Èyí tó kù fún un lè má ju owó ọbẹ̀ lọ. Ta ni yóò wá jókòó ti ìyá alákàrà tí yóò ya owó ọjà sọ́tọ̀ kúrò lára èrè? Ẹni tó ń gba owó orí kò ní ọgbọ́n tí yóò fi mọ̀ ọ́n, obìnrin náà kò sì ní ìwé tí yóò fi hàn án.

Ẹ tún wo èyí. Wọ́n ti ń dìbò ní Èkó nígbà náà, ṣùgbọ́n ọkùnrin nìkan ló lè dìbò, ọkùnrin tí owó tó ń wọlé fún un lọ́dún sì tó £100 ni. Obìnrin kò ní ìbò rárá. Nítorí náà, ìjọba fẹ́ gba owó lọ́wọ́ ẹni tí kò lẹ́tọ̀ọ́ láti bi í pé kí ló ń fi owó náà ṣe. Ibi tí ọ̀rọ̀ náà ti dun àwọn ìyá nìyẹn, ibẹ̀ náà ni Pẹlẹwúrà sì dìrọ̀ mọ́.

Ní ọjọ́ 16, oṣù Kejìlá, ọdún 1940, àwọn obìnrin ya lọ sí ọ́fíìsì Kọmíṣọ́nnà ìlú Èkó. Wọ́n mú ìwé ẹ̀bẹ̀ dání, ìwé tí ó lé ní igba obìnrin ti tẹ àtàǹpàkò sí. Àwọn ọjà tì pa. Wọ́n pèsè sí gbọ̀ngàn Glover, ẹsẹ̀ kò gbèrò. Ẹ̀yin mọ ohun tó máa ń ṣẹlẹ̀ bí ọjà bá tì: ilé òyìnbó náà ń jẹ ẹja, ilé ọlọ́pàá náà ń jẹ gàárì.

Ní ọjọ́ 18, ìjọba yí ohùn padà. Wọ́n gbé e láti £50 lọ sí £200. Ẹni tí owó tó ń wọlé fún un kò bá ju £200 lọ́dún lọ bọ́ nínú rẹ̀, èyí sì jẹ́ ọ̀pọ̀lọpọ̀ obìnrin ọjà pátápátá. Kì í ṣe gbogbo ohun tí wọ́n béèrè ni wọ́n rí gbà, nítorí ohun tí wọ́n ń wí ni pé kí ìjọba pa á rẹ́ ráúráú. Ṣùgbọ́n ẹni tí wọ́n fẹ́ di ẹrù mẹ́rin lé lórí tó sọ mẹ́ta kalẹ̀, ó yẹ ká kí i kú iṣẹ́.

ÌJÀ GÀÁRÌ ÀTI ÒYÌNBÓ PULLEN

Èyí tó wá le jù lọ ni ti àkókò ogun Hitler. Ogun náà bẹ̀rẹ̀ ní 1939. Sójà kún Èkó, àwọn tó ń wáṣẹ́ wọ́ wọ ìlú, ọjà òkè òkun wọ́n bí ojú. Oúnjẹ gbówó lórí. Àwọn òṣìṣẹ́ ń ké pé owó oṣù wọn kò tó jẹun mọ́.

Ká má parọ́ mọ́ ìjọba, ohun tí wọ́n ń wá kò burú lójú. Wọ́n fẹ́ kí gàárì má kọjá agbára mẹ̀kúnnù. Láti 1941, wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í fi iye lé oúnjẹ. Nígbà tó yá, wọ́n fi òyìnbó kan tó ń jẹ́ Captain Pullen ṣe olórí iṣẹ́ náà, débi pé orúkọ rẹ̀ ni gbogbo ìlú fi ń pe ètò náà. Ìjọba kọ iye tí gàárì àtàwọn oúnjẹ mìíràn gbọ́dọ̀ jẹ́. Ìjọba tún ṣí ibi ìtajà tirẹ̀, níbi tí wọ́n ti ń ta oúnjẹ ní iye òfin. Ọlọ́jà tó bá tà jù bẹ́ẹ̀ lọ, ilé ẹjọ́ ni.

Níbo ni ó ti wọ́? Iye tí wọ́n kọ sínú ìwé kò mọ iye tí ìyá onígàárì ra ọjà lóko. Kò mọ owó ọkọ̀, kò mọ owó alárùú, kò mọ èyí tó dànù lójú ọ̀nà. Bó bá tà á ní iye òfin, ó jẹ gbèsè. Bó bá tà á ní iye tó lérè, ó di ọ̀daràn. Bó bá sì gbé e pamọ́, ìlú kò rí gàárì jẹ. Ohun tó ṣẹlẹ̀ gan-an nìyẹn. Gàárì sá kúrò ní gbangba ọjà. Àwọn èèyàn ń tò gbọọrọ níwájú ibi ìtajà ìjọba, wọn kò sì rí èyí tó tó. Ẹni tó lówó wá a rà lábẹ́lẹ̀ ní iye tó ju ti tẹ́lẹ̀ lọ. Mẹ̀kúnnù tí wọ́n ní àwọn ń ṣàánú rẹ̀, òun gan-an ni ebi ń pa.

Pẹlẹwúrà àti ẹgbẹ́ rẹ̀ kọ lẹ́tà, wọ́n rán aṣojú, wọ́n pèpàdé. Ohun tí wọ́n ń sọ kò ju ẹyọ kan lọ: kí ìjọba gbọ́wọ́ kúrò nínú ohun tí kò mọ̀, kí ó jẹ́ kí àwọn tó mọ ọjà ná ọjà.

Àsìkò yìí ni ohun kan ṣẹlẹ̀ tí a kò gbọ́dọ̀ gbàgbé láé. Pullen rí i pé láìsí Pẹlẹwúrà, ètò òun kò lè dúró. Ó bá ìyá náà sọ̀rọ̀ pé kó wá bá òun ṣiṣẹ́, òun yóò máa san £100 fún un lóṣooṣù. Ẹ̀yin ènìyàn wa, ẹ gbọ́ iye yẹn dáadáa. Ọkùnrin tí owó rẹ̀ bá tó £100 lọ́dún ni wọ́n ń kà sí ẹni tó tó dìbò. Iye kan náà ni wọ́n fẹ́ máa fún ìyá ẹlẹ́ja lóṣù kan. Ó kọ̀ ọ́. Ó jẹ́ kí wọ́n mọ̀ pé iye yòówù kí wọ́n gbé wá, òun kò ní bá wọn fi ebi pa ìlú tí wọ́n bí òun sí.

Ká ní ó gbà á ńkọ́? Ta ni ì bá mọ̀? Ilé rẹ̀ ì bá kún. Ṣùgbọ́n láti ọjọ́ yẹn, kò sí onígàárì kan tí ì bá tún tẹ àtàǹpàkò sí ìwé tó bá gbé wá. Àwọn ọlọ́jà mọ ẹni tó ń jẹun lọ́wọ́ ọ̀tún tó tún ń jẹ lọ́wọ́ òsì.

Nígbà tó di oṣù Kẹfà ọdún 1945, àwọn òṣìṣẹ́ ìjọba daṣẹ́ sílẹ̀ káàkiri Nàìjíríà nítorí owó oṣù tí kò ká oúnjẹ mọ́. Michael Imoudu, olórí àwọn òṣìṣẹ́ rélùwéè, wà lára àwọn tó léwájú. Ẹ̀yin á rò pé inú àwọn ọlọ́jà á máa dùn pé ìyà ń jẹ àwọn tó ń pariwo pé gàárì wọ́n. Rárá o. Pẹlẹwúrà àtàwọn ìyá ọjà dúró ti àwọn òṣìṣẹ́ náà. Wọ́n mọ̀ pé oníbàárà tí kò lówó lápò, ọlọ́jà náà ni kò rí tà. Òfin iye owó ti fẹ́ sọ ẹni tó ń tà àti ẹni tó ń rà di ọ̀tá ara wọn; àwọn ìyá kò gbà.

Lẹ́yìn tí ogun parí, ìjọba jáwọ́ nínú ètò Pullen. Gàárì padà sí ojú àtẹ.

ÌGBẸ̀YÌN RẸ̀

Macaulay kú ní 1946, Pẹlẹwúrà sì ti darúgbó. Nígbà yẹn, iná tó dá ní Èkó ti ń jó níbòmíràn. Ní Abẹ́òkúta, Fúnmiláyọ̀ Ransome-Kuti àtàwọn obìnrin Ẹ̀gbá dìde sí owó orí tí wọ́n ń gbà lọ́wọ́ obìnrin, títí Aláké fi fi orí oyè sílẹ̀ ní 1949. Olùkọ́ tó kàwé nílùú òyìnbó lọ ṣaájú níbẹ̀, ìyá tí kò mọ ẹyọ lẹ́tà kan lọ ṣaájú ní Èkó. Ohun kan náà ni àwọn méjèèjì ń bèèrè.

Ní 1951 ni Àlímọ̀tù Pẹlẹwúrà jáde láyé. Àwọn tó kọ ìtàn rẹ̀ sọ pé bíi 25,000 èèyàn ló sin ín dé ibojì. Ẹlẹ́ja ni o. Kò jọba, kò ṣe mínísítà.

KÍ LÓ KÀN WÁ NÍNÚ RẸ̀?

Ó kàn wá púpọ̀. Ní 2018, ìjọba àpapọ̀ gbé TraderMoni dé, wọ́n ń yá ọlọ́jà kékeré ní ₦10,000 láìgba èlé. Ní oṣù Karùn-ún 2023, wọ́n yọ owó ìrànwọ́ orí epo, bẹntiróòlù fò láti abẹ́ ₦200 kọjá ₦480 lójijì, owó ọkọ̀ sì bá a fò. Lẹ́yìn náà ni wọ́n tún kéde ẹ̀bùn ₦50,000 fún àwọn oníṣòwò kéékèèké. A kò fi ìrànwọ́ ṣẹ̀sín, ẹni tó rí i gbà, a bá a dúpẹ́. Ṣùgbọ́n ẹni tó bá fi ọwọ́ kan fún ọ ní owó ọjà, tó fi èkejì gbé owó ọkọ̀ lé ọ lórí, kí ó jókòó bá ọ ṣírò kó tó sọ pé òun ti ràn ọ́ lọ́wọ́. Ẹ̀kọ́ Pullen nìyẹn: ìrànwọ́ tí kò bá kọ́kọ́ bi ọlọ́jà léèrè máa ń padà di ẹrù lórí ọlọ́jà.

Òfin owó orí tuntun tí wọ́n fọwọ́ sí ní oṣù Kẹfà 2025, tó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní oṣù Kìíní 2026, dára létí. Ó ní ẹni tí owó tó yẹ kó san owó orí lé lórí lọ́dún kò bá ju ₦800,000 lọ kò ní san án. (Èyí yàtọ̀ sí owó tíkẹ́ẹ̀tì ọjà tí káńsù ń gbà o, ẹ má ṣe pa wọ́n pọ̀.) £50 di £200 ti àwọn ìyá wa ló tún padà wá yìí. Ṣùgbọ́n báwo lo ṣe fẹ́ fi hàn pé èrè tìrẹ kò tó bẹ́ẹ̀ bí o kò bá ní àkọsílẹ̀? Ìdí rèé tí ẹgbẹ́ wa fi ń pariwo ìwé owó lójoojúmọ́. Kọ iye tí o ra ọjà. Kọ owó ọkọ̀. Kọ èyí tó bàjẹ́. Bí o kò bá mọ̀ ọ́n kọ, jẹ́ kí ọmọ rẹ tó wà nílé ìwé bá ọ kọ ọ́ lálaalẹ́. Pẹlẹwúrà kò mọ̀ọ́kọ, ṣùgbọ́n kò fi ìgbà kan lọ bá ìjọba lọ́wọ́ òfo.

Ẹ̀yin tí a yàn ṣe olórí, ọ̀rọ̀ £100 yẹn kàn yín. Ẹni tó bá ń bá wa lọ síwájú ìjọba, kí ó rántí pé àtàǹpàkò gbogbo wa ló gbé dání. Ẹ̀yin ọmọ ẹgbẹ́ náà, ẹ má ṣe dá nìkan lọ máa bẹ̀bẹ̀ ní ọ́fíìsì. Àgbájọ ọwọ́ la fi ń sọ̀yà.

Kí Ọlọ́run tẹ́ ìyá wa Àlímọ̀tù Pẹlẹwúrà sí afẹ́fẹ́ rere. Kí ó bù kún àtẹ wa, kí ọjà wa má kùtà, kí èrè wa má bọ́ sọ́wọ́ ayé. Àyájọ́ mìíràn á bá wa láyọ̀ o. Àmín.